Èdè Tí Ìwé Nìkan Kò Lè Kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé àwọn ọmọ Ìjọ ní Ìlaró



Nígbà tí àwọn olórí ìpàdé yìí kọ̀wé sí wa pé kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà mọ èdè àti ìṣe ìlú kan dé ìdí rẹ̀, èrò wa ni pé kí a kó ìwé jọ, kí a sì mú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wá fún yín. A kó wọn jọ lóòótọ́, a ó sì mẹ́nu kan díẹ̀ nínú wọn kí a tó jókòó. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣí ìwé wọ̀nyí ní alẹ́, ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ń padà wá sí wa lọ́kàn, kò sì jẹ́ kí a kàwé tẹ́rùn. Òun ni a ó kọ́kọ́ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú wa ni.

A kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yewa, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ̀. Ìjẹ̀bú ni a ti bí wa. Ní ọdún 1996, èyí tí ó tẹ̀lé ọdún tí a fi orúkọ Yewa rọ́pò Ẹ̀gbádò, ni a rán wa wá sí ìjọ kékeré kan ní ìgbèríko Aiyétòrò. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni. Ẹ̀wù wa funfun, bàtà wa ń dán, ìwé-ẹ̀rí wa sì wà nínú àpótí. A ti ka Bíbélì Yorùbá láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. A ti kọ́ àṣà Yorùbá nínú ìwé, a sì ti yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ó dá wa lójú pé ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá inú Bíbélì, kò sí Yorùbá mìíràn tí ó lè ṣe àjèjì sí i.

Kò pẹ́ tí a dé ibẹ̀ ni obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá fún ìrìbọmi ní ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí a bèèrè orúkọ ọmọ náà, wọ́n dárúkọ tí a ó fi rì í bọmi, ìyá rẹ̀ sì fi kún un pé Táíwò ni àwọn ń pè é nílé. Inú wa dùn. A wo ọ̀tún, a wo òsì, a kò rí ọmọ mìíràn lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ẹbí náà. A bi í pé, "Kẹ́hìndé ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Ó ti lọ sí ọjà, Bàbá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yìí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwa kò mọ̀ ọ́n. Àwa rò pé ẹnìkan nínú ẹbí ni ó pọn ọmọ náà lọ sí ọjà, ọ̀ràn náà sì bí wa nínú, pé a lè mú ọ̀kan wá síwájú Olúwa kí a sì máa fi èkejì ná ọjà kiri ní ọjọ́ Ìsinmi. A sọ bẹ́ẹ̀ jáde, ní ohùn rara, ní etí gbogbo ìjọ. A wí pé, "Ẹ rán ẹnìkan kí ó lọ mú un wá. A ó dúró dè é."

Ẹnikẹ́ni kò dìde. Ẹnikẹ́ni kò wúkọ́. Obìnrin náà tẹ orí ba, ó fi ojú pamọ́ sí ara ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni ìyá arúgbó kan dìde láàrin àwọn obìnrin tí ó sì wí pé, "Bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, èyí tí ó wà níhìn-ín ni kí ẹ ṣe." A ṣe é. Ọwọ́ wa ń gbọ̀n, nítorí a ti mọ̀ pé a ṣì í, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ohun tí a ṣe.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá arúgbó náà wá bá wa níbi tí a ti ń bọ́ ẹ̀wù. Kò bá wa wí. Ó kàn sọ fún wa, bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé a kì í wí pé ìbejì kú. Èyí tí ó wà láàyè ń gbọ́, bí ó bá sì gbọ́ pé èkejì òun ti kú, òun náà lè fẹ́ máa lọ. Nítorí náà ni a fi ń wí pé ó ti lọ sí ọjà. Ó ní, "Obìnrin yẹn kò purọ́ fún yín, Bàbá. Ẹnu rẹ̀ ni kò lè gbé e."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo gbólóhùn náà dáadáa: "Ó ti lọ sí ọjà." Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀. Àwa tí a ti ka ìwé púpọ̀ mọ gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì lè kọ àmì ohùn sí wọn lórí láìṣì kan. Síbẹ̀ a kò gbọ́ ohun tí obìnrin náà wí. Ohun tí ó tún burú jù ni pé bí a bá ti ronú dáadáa ní ọjọ́ náà, ìmọ̀ ìwé wa ì bá tún ṣì wá lọ́nà jù bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ òwe tí ó wí pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Gẹ́gẹ́ bí òwe náà, ẹni tí ó wà ní ọjà ni ó wà láàyè, ẹni tí ó re ilé ni ó kú! Báwo ni ẹni tí kò gbé àárín wọn yóò ṣe mọ̀ pé, bí ó bá di ọ̀ràn ìbejì, ọjà ti di òdìkejì?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀lé e, a lọ sí ilé obìnrin náà láti tọrọ àforíjì. Ó tẹ́ ẹní fún wa, ó sì bu omi fún wa mu. Bí a ti jókòó, a rí ère kékeré kan ní igun yàrá, tí a fi osùn pa, tí a sì ta ìlẹ̀kẹ̀ sí ní ọrùn. Ó rí i pé a rí i. Ọ̀rọ̀ tí a kọ́ nípa ère wà ní ẹnu wa, nítorí wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tí a ó wí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jáde. A kò wá síhìn-ín lónìí láti wí pé kí ọmọ Ìjọ máa tọ́jú ère. Ohun tí a ń wí ni pé ní ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti rí ère náà, a ì bá ti pàṣẹ pé kí a jù ú sínú iná kí a tó jókòó. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun a bèèrè orúkọ ọmọ náà ná. Ohun tí àwa àti obìnrin náà jọ sọ nípa ère náà ní oṣù púpọ̀ lẹ́yìn náà wà láàrin wa.

Nísinsin yìí ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ṣíwájú wa, bóyá wọ́n gba ọ̀nà mìíràn mọ èdè yìí.

Gbogbo yín ni ẹ mọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, a sì gbà á sílẹ̀ lórí omi ní 1822, a mú un lọ sí ilẹ̀ Sàró. Ọmọdé ni nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ pé èdè ilé rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀, èdè ọmọdé ni ì bá fi túmọ̀ Bíbélì. Ṣùgbọ́n ní Freetown ó gbé láàrin ará Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà àti àwọn mìíràn, tí ìyà kan náà ti kó jọ. Akú ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe gbogbo wọn, nítorí pé ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní ìgbà iṣẹ́ àti ní ìgbà ọ̀fọ̀, "ẹ kú" kì í kúrò ní ẹnu wọn. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ ṣe jáde ní 1843. Èyí tí ó fẹ̀ jù ú lọ jáde ní 1852, òwe sì pọ̀ nínú rẹ̀ púpọ̀. A kò lè jókòó sínú yàrá kí a ronú òwe jáde. Ẹnìkan ní láti pa á lójú ẹni, lórí ọ̀ràn kan, kí a tó mọ ibi tí ó bọ́ sí. Nígbà tí odindi Bíbélì parí ní 1884, ó ti ju ogójì ọdún lọ tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, òun àti àwọn tí wọ́n ràn án lọ́wọ́, bí Thomas King ará Ẹ̀gbá.

Ní Freetown kan náà ni òyìnbó Koelle ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, tí ó jáde ní 1854. Ó pe àwọn tí a gbà lọ́wọ́ oko ẹrú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pe iná, omi, ojú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì kẹ́gàn rẹ̀; ó pa ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn mọ́ tí ẹlòmíràn kò kà sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá há gbogbo rẹ̀ sórí yóò mọ ohun tí a ń pe nǹkan, kò sì ní mọ ohun tí a ń wí.

Àlùfáà Gollmer, ará Jámánì tí ó bá Crowther àti Townsend gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní January 1845, kíyè sí ohun kan tí kò sí nínú ìwé ọ̀rọ̀ rárá. Ó rí i pé àwọn ènìyàn wa ń fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti àwọn ohun mìíràn ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á sì ń kà á bí ẹni ka lẹ́tà. Ìwé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní London tẹ ohun tí ó kọ nípa àrokò wọ̀nyí ní 1885. Ẹ̀yin àgbà mọ irú rẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí wúńdíá, ó ń wí pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà ni iye náà. Bí wúńdíá bá fi mẹ́jọ dáhùn, ẹ̀jọ, ó wí pé èrò àwọn méjèèjì jọ. Ẹni tí ó bá túmọ̀ mẹ́fà sí èdè mìíràn ti sọ ìfẹ́ náà nù sọ́nà.

Ṣùgbọ́n kí ni ó dé tí a ń lọ jìnnà, nígbà tí ẹ̀rí wà ní Ìlaró níhìn-ín? Òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan, Henry John Drewal, ti wá sí ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní àárín àwọn ọdún 1960. Ní Abẹ́òkúta ní 1965 ó di ọmọ-iṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹ́gilére tí à ń pè ní Sànúsí. Ní 1978 ó tún jókòó ti Ògúndípẹ̀, agbẹ́gilére ìlú yìí. Ọ̀mọ̀wé ni ní ìgbà náà, ó lè mú ìwé àti kálámù kí ó máa bi ọ̀gá náà ní ìbéèrè láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó mú irinṣẹ́, ó sì gbẹ́ igi. Òun tìkára rẹ̀ ti kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà. Kí a wò, kí a ṣe bí ọ̀gá ti ń ṣe, kí ọwọ́ mọ̀ kí ẹnu tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ́ ọ.

Àwọn agbẹ́gilére ní orúkọ fún ipele iṣẹ́ wọn: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Ẹni tí ó bá rí "dídán" nínú ìwé yóò rò pé kí a fi nǹkan kun igi náà kí ó máa kọ mọ̀nà ni. Ẹni tí ó bá jókòó ti oníṣẹ́ yóò rí i pé ojú irin ni ó ń ṣe é, ní fífá díẹ̀díẹ̀, títí ojú àáké yóò fi parẹ́ lára igi. Nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni ìwé ńlá tí òun àti Margaret Thompson Drewal kọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó jáde ní 1983, ti rí ẹsẹ̀ tí ó fi dúró. Ní 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ohun iyebíye ọmọ aráyé. Àwọn ará ìlú yìí kò sì dúró de UNESCO kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

A gbọ́ ìkùnsínú àwọn kan ní ẹ̀yìn: kí ni àlùfáà ń wá ní ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Ìbéèrè náà tọ́. Èyí ni a lè fi dáhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tí ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó jáde ní 1976, lo orin Ẹ̀fẹ̀, èyí tí a ń kọ ní òru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí fún ìtàn. Ọmọ ààlà ni, ó mọ̀ pé ohun tí kò sí nínú ìwé ìjọba wà ní ẹnu olórin. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ojú àwọn baba ìjọ wa rí, a kò lè di etí wa sí i nítorí ibi tí a ti kọ ọ́.

Pierre Verger, ayàwòrán ará Faransé, lọ jìnnà ju gbogbo wọn lọ. Ní Kétu, ní ìkọjá ààlà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní 1953, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Kí ó tó kú ní Bahia ní 1996, ó ti kó ìmọ̀ ewé àti ọfọ̀ jọ sínú ìwé, ní èdè Yorùbá, ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa tí a bí síhìn-ín lè ka lọ. Àwa kò lè tẹ̀lé e dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́ kò gbà wá láyè. Ṣùgbọ́n a bi ara wa léèrè pé, nínú àwa tí a ní Ìhìnrere láti sọ, ẹni mélòó ni ó ti fi ìdajì irú sùúrù bẹ́ẹ̀ jókòó ti àwọn tí a fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ọ̀rọ̀ ààlà tí a mẹ́nu bà yìí rán wa létí ohun kan tí ó pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé ní August 10, 1889 ni àwọn ará England àti Faransé jókòó ní Paris tí wọ́n sì pín ilẹ̀ yìí. Kétu àti Ṣakété bọ́ sí ọ̀hún, Ìlaró àti Ìmẹ̀kọ bọ́ síhìn-ín, Ìlárá tilẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì. Ní ọdún kan, lẹ́tà ìgbéyàwó kan dé ọwọ́ wa láti ọ̀hún. A wò ó, a rí lẹ́tà kan tí ó dà bí c tí a dojú rẹ̀ kọ òdì, a sì rí òmíràn bí 3 tí a yí ojú rẹ̀ padà. A pinnu pé èdè Ègùn ni, a sì ń wá ògbufọ̀. Agogo-ìjọ wa, ọkùnrin tí ó ń ná ọjà Kétu, gbà á lọ́wọ́ wa, ó sì kà á sókè: Yorùbá ni láti òkè dé ilẹ̀! Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní ìlú wọn ni, "Ɛ kú ishɛ́" ní ibi tí àwa ń kọ "Ẹ kú iṣẹ́", "ìkpàdé" fún "ìpàdé". Èdè tí ó wà ní etí ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un kò lè dí i lójú. Àwa tí a ti fi ojú kọ́ èdè ni ojú tàn jẹ.

Ẹ má ṣe rò pé a ti mọ gbogbo rẹ̀ nísinsin yìí nítorí pé a ti pẹ́ níhìn-ín. Ìrírí náà máa ń tan ni. Lẹ́yìn bí ogún ọdún, a lọ kí ìyá ìbejì kan tí ó ń ṣọ̀fọ̀ ní ìlú Ọ̀họ̀rí kan. A ti gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwa rò. A rọra wí pé a gbọ́ pé Táíwò lọ sí ọjà. Ó wò wá pẹ̀lú àánú, ó ní, "Níhìn-ín, Bàbá, Èkó ni a ń wí pé wọ́n lọ." Ohun tí ìlú kan kọ́ wa, ìlú kan ṣoṣo ni ó kọ́ wa. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bèèrè lọ́wọ́ ẹnìkan ní ẹnu ọ̀nà kí a tó wọlé ọ̀fọ̀.

Nítorí náà ni ìṣe kan tí ó wà láàrin wa fi ń dùn wá. Bí a bá rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí oko, ní ọdún kìn-ín-ní a ń fi í rẹ́rìn-ín, ní ọdún kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́, ní ọdún kẹta a gbé e lọ sí ibòmíràn kí ó lọ tún bẹ̀rẹ̀ àṣìṣe. Ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ kò bá a pàdé. Ìyá arúgbó tí ó kọ́ wa ti sùn nínú Olúwa láti ọjọ́ pípẹ́, a kò sì kọ ju ìdá díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ Ìjọ, tí ẹ ní ẹnu ní ibi tí a ti ń ṣe ìpinnu wọ̀nyí, ẹ bá wa sọ pé ọdún mẹ́ta kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá ní ilé, ẹ mú kálámù. Kì í ṣe kí ẹ kàn bi í pé, "Kí ni ẹ ń pe èyí?" Ẹ bá a lọ sí ibi ọ̀fọ̀ àti sí ibi ìkómọ, kí ẹ kọ ohun tí ó wí níbẹ̀, àti ẹni tí ó wí i fún.

Ní ọdún tí ó kọjá a so Táíwò pọ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ìjọ kékeré náà. Wọ́n ní àwa ni àwọn ń fẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ wọlé wá bá wa ní ibi tí a ti ń wọ ẹ̀wù. Fìlà méjì ni ó mú dání, aṣọ òkè kan náà, iṣẹ́ kan náà. Ó ní ọ̀kan ni òun ó lọ dé ọmọ náà lórí lẹ́yìn ìsìn. Èkejì ó fi lé wa lọ́wọ́. A fi í sí abẹ́ Ìwé Àdúrà, ó sì wà níbẹ̀ títí a fi súre fún wọn.